Àwọn Obìnrin, Ẹ Bọ́ Síwájú

Ọjọ́ Sunday ni, aago méjì ọ̀sán kù díẹ̀, Florence kò sì sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ilé rẹ̀ ní Stapleton ló ti lọ wọ ferry, ọkọ̀ ojú omi, wá sí Manhattan, ó gbé kúlà móínmóín lé itan, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e. Móínmóín ẹlẹ́yin ni, irú èyí tí Tiwa fẹ́ràn. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un ni Tiwa, oṣù méjìdínlógún sì nìyí tó ti kó jáde nílé, tí kì í gbé ìpè ìyá rẹ̀. Florence ti pinnu. Bó bá di kí òun kúnlẹ̀ fún ọmọ tí òun bí, òun á kúnlẹ̀. Ilé òun gbọ́dọ̀ padà sípò kó tó di Tuesday. Ohun tó fi gbààwẹ̀ láti ọjọ́ mọ́kànlélógún nìyẹn.

Orin ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá béèrè nìyẹn, onítọ̀hún á sì mirí. Olúsànmí ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ra gìtá yẹn fún ọmọ náà! Ẹ gbà mí, ọkùnrin mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ? Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Tiwa nígbà tí Olúsànmí fẹ́ ìyá rẹ̀ ní opó n'Íbàdàn, tó ṣe ìwé àwọn méjèèjì wá sí New York. Nígbà tí Florence bá lọ sùn sílé àwọn arúgbó tó ń tọ́jú, Olúsànmí ló ń dáná, òun ló ń yẹ homework wò. Kò na ọmọ náà rí, kò jágbe mọ́ ọn rí.

Àfi bí Tiwa ṣe pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí gbogbo nǹkan dojú rú. Á ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ pa, á máa ja okùn gìtá, á máa ké bí ẹni tí wọ́n ń dá lóró. Florence yọ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà. Ta ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òbí nínú ilé òbí?

“Rẹ ohùn ẹ sílẹ̀! Àbí o fẹ́ káwọn aládùúgbò gbọ́ ni?”

“Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́, Mummy.”

Ó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì tán, ó tún kó ọ̀rọ̀ mìíràn dé. Ó ní nígbà tí wọn ò tíì bí òun, àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan nílẹ̀ yìí gbé gìtá, wọ́n ní káwọn obìnrin bọ́ síwájú, káwọn ọkùnrin sún sẹ́yìn, wọ́n ń fa máíkì lé obìnrin tó bá ní nǹkan í sọ lọ́wọ́, wọ́n ń tẹ ohun tójú wọn rí sínú ìwé pélébé tí wọ́n fi fọ́tókópì ṣe.

“Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ní kó o lọ kọ́,” ni Florence fi dá a lóhùn, “n ò rán ẹ lọ kọ́ igbe.”

Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́. Lánàá, Olúsànmí pè. Kò sí nílé láti oṣù kẹta. Ohun táwọn ará ìjọ mọ̀ ni pé iṣẹ́ gbé e lọ sí Texas. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n máa ń fi sọ̀rọ̀, fóònù á sì gé.

“Bẹ̀ ẹ́ dáadáa,” ló wí. “Sọ fún un pé mi ò bínú.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ mi ni, kò ní kọ̀ mí.”

Fóònù gé. Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Ṣùgbọ́n Florence nìkan ni oorun kọ̀ ní tiwọn.

Abẹ́ ilẹ̀ ni gbọ̀ngàn tí Tiwa ti fẹ́ kọrin lọ́jọ́ náà wà; orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni Florence ti rí ìkéde rẹ̀. Ashley, ọmọbìnrin òyìnbó tó ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ olórin Tiwa, ló wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń pín ìwé pélébé fáwọn èèyàn. Ó dá Florence mọ̀. Ó wò ó títí, ó wá bi í pé, “Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wá?” Florence ní òun nìkan ni. Ashley tún yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó jẹ́ kó wọlé. Florence ki ìwé tirẹ̀ bọ inú báàgì, kò kà á.

Nígbà tí Ashley fi lọ jókòó sẹ́yìn ìlù, Tiwa ti bọ́ sórí pèpéle. Ó ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì rù.

“Àwọn obìnrin, ẹ bọ́ síwájú!” ló kígbe lédè òyìnbó.

Àwọn ọkùnrin sún sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó kùn. Ó ya Florence lẹ́nu gidi. Àwọn ọmọbìnrin tí kò mọ̀ rí ń fọwọ́ tì í níwájú, “ẹ máa bọ̀, Mama, ẹ máa bọ̀,” títí ó fi fara kan pèpéle. Ariwo náà ń gbá a láyà. Lójijì ó gbọ́ Yorùbá nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò gòkè, kò sì sọ̀ bó ṣe yẹ:

*Mo ké, ẹ ní n rẹhùn sílẹ̀,*
*Mo dákẹ́, ẹ ní inú mi dùn.*

Omi bọ́ lójú Florence. Ojúlówó omi ojú ni. Ó fẹ́ràn ọmọ yìí ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ.

Tiwa rí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn gìtá, Ashley sì dáwọ́ ìlù dúró.

“Mummy?” Máíkì gbé ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn pátápátá. “Ṣé ẹ wá gbọ́ mi ni?”

“Mo ti gbọ́ ẹ, ọmọ mi,” ni Florence wí. Ó gbé kúlà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

Tiwa ju gìtá sílẹ̀, ó fò bọ́ sílẹ̀, òun náà kúnlẹ̀, ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. Ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

“Mummy, please, ẹ dìde. Mo máa tẹ̀ lé yín lọ sílé lónìí. Kẹ́ ẹ ṣáà wá ni mo ń dúró dè. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ní kí n ṣe, màá ṣe é.”

Àwọn obìnrin tó yí wọn ká ń pàtẹ́wọ́. Ashley bo ojú rẹ̀ lẹ́yìn ìlù.

“Mo fi ọmú tó o mu bẹ̀ ẹ́,” ni Florence wí sí i létí, “lọ́jọ́ Tuesday, sọ fún adájọ́ pé irọ́ lo pa, pé Daddy ò wọ yàrá ẹ lóru rí, kí wọ́n lè dá a sílẹ̀ fún mi.”