Kòdùnmí Di Báńdéèjì Mọ́ Ẹsẹ̀ Tí Kò Dùn Ún

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ sáré lọ. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, torí ibi tó ti fẹ́ bàjẹ́ gan-an ni àánú ti wọlé. Tí ẹ bá sì lẹ́nì kan nílé tó ń tiro, tó ṣì ń sọ pé "kò sí nǹkan tó ń ṣe mí", ẹ fi ránṣẹ́ sí i kíákíá.

1.

Ọkùnrin kan wà tó ń fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ jẹun, èyí tí wọ́n ń jù sínú àwọ̀n lókè. Òun ni balógun ẹgbẹ́ wọn. Kòdùnmí ni gbogbo èèyàn ń pè é. Wọ́n fi ìgbúnwọ́ gbá a lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ó ní, "Kò dùn mí." Ó ṣubú lulẹ̀ gbì, ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò, ó ní, "Kò dùn mí." Àwọn òǹwòran á hó yèè! Orí ọ̀gbẹ́ni á sì wú.

Àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù ti kọ́ ọ ní ọgbọ́n kan: tí orúnkún kan bá ń dun èèyàn, orúnkún kejì ni kó di báńdéèjì mọ́, kí àwọn alátakò má baà mọ ibi tí wọ́n máa kọlù. Ọgbọ́n gidi ni, tó bá jẹ́ ọ̀tá lèèyàn ń tàn.

2.

Nígbà tí ìdíje ń lọ sópin, orúnkún ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kòdùnmí di báńdéèjì mọ́ ti òsì. Títí débẹ̀, kò sẹ́jọ́. Àmọ́ ó wá dé iwájú obìnrin tó ń tọ́jú ara wọn, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Oníyìnyín, torí yìnyín ló máa ń kọ́kọ́ gbé lé gbogbo ìrora.

"Balógun, èwo ló ń dùn ẹ́?"

"Kò dùn mí, Àǹtí. Mo kàn dì í ni."

"Èmi náà lójú. Gbé òsì yẹn wá."

Ó sì gbé òsì sílẹ̀ fún un! Ó rò pé tí wọ́n bá fọwọ́ kan ọ̀tún, wọ́n á ní kó jókòó, ẹlòmíì á sì gbé ife ẹ̀yẹ dípò òun. Bí Àǹtí ṣe ń fi yìnyín sí òsì láràárọ̀ nìyẹn, tó ń fọwọ́ ra á jẹ́jẹ́. Orúnkún tó dá ṣáṣá ń jayé ọba, èyí tó wú ń jìyà nínú ṣòkòtò. Ẹ gbà mí o! Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tan ọ̀tá, ó gbé e wọlé wá tan ará ilé.

3.

Kòdùnmí ní ọmọbìnrin kékeré kan. Lálaalẹ́ ló máa ń gbé e sókè kó lè ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ kan ọmọ náwọ́ sókè: "Dádì, gbé mi!" Ó bẹ̀rẹ̀, orúnkún kọ̀, ó di ògiri mú.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná.

"Bàbá Bèbí, ẹsẹ̀ ọ̀tún lo fi ń tiro. Kí ni báńdéèjì ń ṣe ní òsì?"

"Ọgbọ́n eré ni. Kò dùn mí."

"Ọmọ yìí kì í ṣe alátakò ẹ. Èmi náà kọ́. Ta lò ń tàn nínú ilé yìí?"

Ó fi ẹ̀rín bò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára.

4.

Ọjọ́ àṣekágbá dé. Eré ti fẹ́ parí, àwọn alátakò sì fi díẹ̀ ṣíwájú. Kóòṣì pè wọ́n jọ, ó gbé ọwọ́ lé èjìká Kòdùnmí.

"Ìwọ la máa gbé bọ́ọ̀lù fún. Mi ò fẹ́ kó o fi orúnkún tó ń dùn ẹ́ ṣeré o. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kó o fi fò, fi gbogbo agbára ẹ fò."

Ẹ ò rí nǹkan! Àánú ni Kóòṣì ń ṣe é, àánú yẹn ló sì fẹ́ ba tiẹ̀ jẹ́. Kòdùnmí gbójú sókè, ó rí ìyàwó rẹ̀ láàárín èrò, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí bàbá rẹ̀. Ó lanu láti sọ gbólóhùn rẹ̀ àtijọ́, kò lè sọ ọ́.

"Kóòṣì, ẹ dákun. Ó ń dùn mí. Ọ̀tún ni. Ọ̀tún ló ti jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Àpò yìnyín já bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí.

"Òsì tí mo ti ń tọ́jú ńkọ́?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Àǹtí."

"Háà! Ìwọ ọmọ yìí!"

Kòdùnmí jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n gbá a tán láìsí òun níbẹ̀, ife sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn alátakò.

5.

Dókítà wo àwòrán inú orúnkún náà, ó mi orí. "Iṣan yìí ti fẹ́ já. Ká ní o fò lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ọ̀pá lo máa máa fi rìn."

Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ bojú, ó bú sẹ́kún, ó ń sọ pé, "A dúpẹ́ o, a dúpẹ́." Kòdùnmí náà sunkún, kò tijú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ìdíje tó tẹ̀ lé e, orí àga ló ti wò ó. Oyè balógun bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ó rí i rà lọ́pọ̀.

Ọjọ́ tó padà sí pápá, ó bá gbogbo ẹgbẹ́ lórí ìdúró. Ọ̀kan ti di báńdéèjì mọ́ etí, òmíràn mọ́ orí, Kóòṣì fúnra rẹ̀ dì í mọ́ fèrè. Àǹtí Oníyìnyín gbé àpò yìnyín dání.

"Níbo ló ń dùn ẹ́ lónìí?"

"Ìhà mi ni, Àǹtí. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí!"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé ọmọ rẹ̀ sókè, bọ́ọ̀lù sì wọ inú apẹ̀rẹ̀ aṣọ.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ẹ gbọ́ o. Ìfaradà dára, kò sẹ́ni tó sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gba ọkàn líle jù lọ lẹ́nu ọkùnrin yẹn ni "ó ń dùn mí". Ẹ fi ibi tó ń dùn yín pamọ́ fún ọ̀tá bó bá wù yín, ẹ má fi pamọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú yín. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.