Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin ará, ọdún kẹta nìyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn ti ń dun ìyàwó mi.

A ti lo oògùn. A ti fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń bá a wọ́ ọrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di mọ̀lẹ́bí.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a tún lọ sí ọsibítù. Iṣẹ́ aláwàdà ni mò ń ṣe, nọ́ọ̀sì sì ti ń pariwo: "Bàbá yìí, ẹ ó fi ẹ̀rín pa wá!"

Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín, ó di ọrùn mú.

Dókítà tẹ iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò.

"Mà, abẹ́rẹ́ ló kù. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ló máa ń le jù?"

"Ìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn ni ọkọ mi máa ń dán àwàdà tuntun wò lọ́dọ̀ mi."

Òótọ́ ni. Èyí tí kò bá pa á lẹ́rìn-ín, kò ní dé orí ìtàgé. Ọdún mọ́kànlá, kò sí èyí tí kò rẹ́rìn-ín sí.

Dókítà wò mí. Ó wo ìyàwó mi.

"Ẹ̀rín tó bá wá fúnra rẹ̀, ẹ rín in. Èyí tẹ́ ẹ bá ń fipá rín, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì."

Ọ̀sẹ̀ méjì pé lónìí. Àwàdà mẹ́rìnlá ni mo ti ṣe fún un.

Ó ń yí ọrùn bó ṣe wù ú.

"Olówó orí mi, ìrora náà ti lọ pátápátá!"

Mo ní, "Ó dáa."

Mo la ẹnu láti ṣe ti òní.

Ó yára di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.