Búrẹ́dì Inú Fírísà

Nílé-ìwé ọlidé wa ní ìlú Bergen, ohun tó bá wu ọmọ ló ń kọ́.

Búrẹ́dì ṣíṣe lọ́dọ̀ mi ló wu Eirin.

Ó gbé búrẹ́dì kékeré onísínámónì kan bọ̀ láti inú fírísà ilé wọn, ó ti dì gbagidi.

"Ẹ wò ó! Ó gbé búrẹ́dì wá síbi tá a ti ń ṣe búrẹ́dì!" Sondre, ọmọ kíláàsì wa kan, nìyẹn.

"Má fọwọ́ kàn án o!" ni Eirin dá a lóhùn. "Mo fẹ́ máa tọ́ ọ wò, kí tèmi lè dùn bíi ti màmá mi."

Bí yìnyín ara rẹ̀ ṣe ń yọ́, Sondre jù ú sẹ́nu.

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi Eirin tó bú sẹ́kún.

Mo ní, "Eirin, má sunkún mọ́. Màmá ẹ á ṣe òmíràn."

Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa èérún rẹ̀.

"Tíṣà, a sin wọ́n lẹ́yìn Kérésì. Ìyẹn ló gbẹ̀yìn nínú búrẹ́dì tí wọ́n ṣe."