Èédú Tó Ti Yó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ṣe pa ìtàn yìí tì lágbede méjì. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin ló ń bá wí, ó sì lè jẹ́ èmi tí mò ń sọ ọ́.

1.
Ọkùnrin kan wà nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìbòmú fún àwọn tó ń fín ọ̀dà. Ọ̀gá Àpòpọ̀ ni wọ́n ń pè é, torí òun ló ń po ohun tó ń wọ inú agolo kékeré méjì tó wà lára ìbòmú. Èédú ni, àmọ́ kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi ń dáná. Wọ́n ti fi iná iléru sun èédú yìí lákànṣe, ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí sì kún inú rẹ̀. Òun ló ń gbé oró ọ̀dà mì kó tó dé imú èèyàn. Wọ́n á pò ó mọ́ amọ̀ lílọ̀ àti ìyẹ̀fun funfun kan, kó lè di oríṣiríṣi oró mú.

Níbẹ̀, tí wọ́n bá ti lo agolo dé ìwọ̀n, wọn kì í sọ pé ó ti bàjẹ́. Wọ́n á ní, "Èédú yìí ti yó." Inú àgbá pupa ni wọ́n ń da èyí tó bá ti yó sí, kí wọ́n lè kó o dànù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú kò lè dá wọn mọ̀. Èyí tó yó dúdú, èyí tí ebi ń pa náà dúdú.

Ọ̀gá Àpòpọ̀ mọṣẹ́, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ìgbéraga ni tiẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí kì í sọ ọ́ pé, "Ọdún mọ́kànlá rèé, ẹnikẹ́ni ò tíì dúró dè mí rí!"

2.
Lọ́sẹ̀ kan, ọkọ̀ tó ń gbé èédú tuntun bọ̀ bàjẹ́ sọ́nà. Igba ìbòmú ló sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ, pé "Ẹ fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta sí i." Ẹnu rẹ̀ wúwo láti sọ ọ́. Ojú rẹ̀ wá lọ sára àgbá pupa.

Ó da èédú tó ti yó sílẹ̀, ó sá a sóòrùn fọ́jọ́ méjì, ó sì kó o fún Màmá Alásẹ́, ìyá àgbà tó ń jọ èédú.

"Ọ̀gá, ṣebí inú àgbá pupa lẹ ti kó eléyìí?"

"Oòrùn ti gbẹ ẹ́, Màmá. Ebi ti tún ń pa á."

"Oòrùn kẹ̀? Ṣé oòrùn tá à ń sá aṣọ sí náà ló di iléru?"

"Ẹ bá mi jọ̀ ọ́, Màmá. Asẹ́ ni tiyín, àpòpọ̀ ni tèmi."

Ìyá ń jọ èédú, ó ń mirí. Ọ̀gá Àpòpọ̀ pò ó mọ́ ìwọ̀nba èédú tuntun tó kù, ìdajì sí ìdajì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n fi ń dán agolo wò. Èédú tuntun ibẹ̀ gbìyànjú fúngbà yẹn, agolo yege, ọkọ̀ sì kó wọn lọ. Kò béèrè ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ.

3.
Ó ní àbúrò obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kékeré, tó ń fín ọ̀dà sára ọkọ̀. Òun àti àwọn ọkùnrin méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan tí wọ́n máa ń tì pa. Ìbòmú tuntun dé, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

"Nǹkan yìí ń jẹ́ kí òórùn wọlé o."

Kékeré bú sẹ́rìn-ín. "Imú yín ló ń purọ́. Bọ̀dá mi ló po èédú inú ẹ̀. Bọ̀dá mi ò lè fẹ̀mí èèyàn ṣeré láéláé."

Òun náà ń gbọ́ òórùn náà. Orí ń fọ́ ọ, ó ní iṣẹ́ ló pọ̀. Nígbà tó yá, kò gbọ́ òórùn kankan mọ́, ó bá sọ fún wọn pé, "Ẹ ò rí i? Ó ti dáa." Kò mọ̀ pé imú òun ló ti kú.

Lọ́jọ́rú kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣubú nínú yàrá yẹn. Èyí tó jẹ́ àgbà nínú àwọn ọkùnrin méjèèjì kò jí mọ́.

4.
Ọ̀gá Àpòpọ̀ kó ọsàn lọ bá Kékeré nílé ìwòsàn. Kékeré gbé ọ̀kan símú, ó gbóòórùn rẹ̀ títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi. Tí kì í bá ṣe ìbòmú yín ni, ǹ bá ti kú."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un dé inú egungun. Ì bá sàn kó bú òun. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún.

"Kékeré, èédú tó ti yó ni mo pò mọ́ ọn. Mo mọ̀. Màmá Alásẹ́ kìlọ̀ fún mi."

Kékeré gbé ọsàn náà sílẹ̀.

"Bọ̀dá, mo sọ fún wọn pé imú wọn ló ń purọ́. Orúkọ yín ni mo fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́." Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì kọjú sí ògiri.

Ọ̀gá Àpòpọ̀ lọ jẹ́wọ́ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n kó ìbòmú yòókù padà, wọ́n sì lé e. Kékeré ti wá padà sílé báyìí. Ó ń dá a lóhùn tó bá kí i, àmọ́ kò pè é ní Bọ̀dá mi mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀. Tíṣẹ́ yín ò bá tíì pé, ẹ sọ pé kò tíì pé. Ẹni tó ń dúró dè yín á bínú fọ́jọ́ mẹ́ta, inú rẹ̀ á sì rọ̀. Níbikíbi tí iṣẹ́ yín bá ń lọ, ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kò ní yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ rántí ẹni yẹn kẹ́ ẹ tó ṣí àgbá pupa.