Ẹ Kúulé

Ìyá onílé ń yẹ tìmùtìmù wò bóyá ayálégbé rẹ̀ ti da ọbẹ̀ sí i nígbà tó gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣebí Òṣú ni ọkùnrin yìí lóun ń lọ! Ìyá kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ó fa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Kò sọ fún un rí pé kọ́kọ́rọ́ kejì ṣì wà lọ́wọ́ òun.

“Ẹ kúulé o!” ni ayálégbé kí.

Ta ló ń kí? Ọkùnrin náà nìkan ló kúkú ń gbébẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti ń dáhùn ìkíni fún ọgọ́ta ọdún ò dúró gbàṣẹ.

“Káàbọ̀, ọmọ mi.”

Ayálégbé wọ́ àga wá síwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ó jókòó.

“Láti Mọ́ńdè ni mo ti ń kí yín, Màmá. Òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mi lóhùn.”