Ìbò Kinlorran

Oyèbánjí ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin kí ó tó tún di ọmọ ilé-ìwé. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni ó ti ń jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ní Rippleside, ní ìlà-oòrùn London, tó ń há ìtàn ìbò Kinlorran sórí. Kinlorran jẹ́ àgbègbè ìdìbò kan ní Skọ́tíláǹdì, tó máa ń rán ẹnì kan wá sílé aṣòfin ní London, títí wọ́n fi pín in mọ́ àwọn àgbègbè tó yí i ká lọ́dún 1983, tí orúkọ rẹ̀ sì pa rẹ́. Oyèbánjí kò débẹ̀ rí. Lọ́rì ló fi ọgbọ̀n ọdún wà ní Dagenham Dock. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n há sórí ni ọ̀nà.

Inú ìwé kan ni gbogbo ìtàn náà wà. Ìwé náà nípọn, èèpo rẹ̀ dúdú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ó ti wà nílé láti 1984, Oyèbánjí kò sì ṣí i wò. Nígbà tí ẹsẹ̀ kan kán lára tábìlì tẹlifíṣọ̀n, ìwé náà ló fi gbé e dúró, ọdún mọ́kànlá ló sì lò níbẹ̀. Ojú ń tì í báyìí nígbàkígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan ibi tó tẹ̀ wọnú lára èèpo náà.

Ìdánwò àfẹnuṣe ni, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń bi í. Ó kùnà lọ́jọ́ Ajé. Ó tún kùnà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nabeelah, obìnrin jẹ́jẹ́ tí káńsù máa ń rán wá tòun ti ìwọ̀n kékeré nínú báàgì rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Bí nǹkan bá ṣì rí báyìí lọ́jọ́bọ̀, kò ní ṣeé ṣe mọ́ kí Oyèbánjí àti ìyàwó rẹ̀ jọ máa gbé. Ọ̀kan nínú wọn yóò lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Àyè kan ti ṣí sílẹ̀ ní Southend, ìlú mìíràn létí òkun. Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n ti jọ wà. Nígbà tó gbọ́ ọ, orí àtẹ̀gùn ló jókòó sí.

Òní sì ni Ọjọ́rú.

“Daddy, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe,” ni Ọmọ́bọ́láńlé, ọmọ rẹ̀ tó gbàyè níbi iṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, wí. “1959.”

“Ẹgbẹ́ Kọnsáfétífù. Ìbò igba ó lé mẹ́rin ni wọ́n fi ju ẹgbẹ́ Lébọ̀ lọ.”

“1961?”

“Wọn ò dìbò ní 1961.”

“Wọ́n dì í, Daddy. Ẹni tó wọlé ní ’59 ló kú, wọ́n wá dìbò láti fi rọ́pò rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti fail ní Monday.”

“Líbárà,” ó wí. “Méjìdínlógójì péré ló fi wọlé. Orí mi ò gba nǹkan dúró mọ́, Bọ́láńlé. Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́ now, pé tí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rí ẹni bá ṣeré.”

“Ẹni tó pa òwe yẹn kò dé ilé yìí.”

Ó so táì rẹ̀. Kò pẹ́ rí, nítorí olùdánwò náà kì í gba ẹni tó bá pẹ́.

“Daddy, ògì yẹn ti ń tutù o.”

Ó gbé abọ́ náà dání, ó gòkè lọ, ó kan ilẹ̀kùn, ó sì dúró títí wọ́n fi dá a lóhùn.

Olùdánwò jókòó nídìí fèrèsé, ó di bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ dé ọrùn. Kò ní kí ó jókòó.

“Orúkọ?”

“Oyèbánjí, mà.” Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe dáhùn lánàá àti níjẹta.

“Ẹni tí kò bá mọ Kinlorran, èmi àti ẹ̀ kò ní nǹkan ṣe. 1961.”

“Líbárà, mà. Méjìdínlógójì.”

“Oṣù kejì, 1974.”

“Lébọ̀. Mọ́kàndínlógún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ka ìbò náà.”

“Oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà.”

Ibẹ̀ ló ti kùnà lánàá. Ọkàn rẹ̀ ṣófo pátápátá. Ó di ojú. Nínú èrò rẹ̀, ó wa lọ́rì rẹ̀ gba Ripple Road, ó kọjá 1966, ó kọjá 1970, ó yà sí ọ̀nà Creekmouth, ó sì bá ìbò náà níbi tó gbé e sí.

“Kọnsáfétífù ló gbà á padà, mà. Ẹgbẹ̀ta ó lé méje.”

Olùdánwò yíjú sí i. “O ka ìwé náà.”

“Mo kà á, mà. Ó kàn pẹ́ kí n tó kà á ni.”

Nígbà náà ni Ìbíyẹmí, tó fi ọdún mẹ́rin kọ ìwé náà kí Oyèbánjí tó fẹ́ ẹ, tí kò mọ̀ ọ́n lọ́kọ mọ́ láti oṣù kẹta, tí kò sì fi nǹkan kan kan ẹnu láti ọjọ́ Àìkú nítorí pé kì í jẹun lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, la ẹnu rẹ̀ fún ṣíbí ògì àkọ́kọ́.