Oògùn Tó Fún Ẹlẹ́dẹ̀ Ní Ìdí Ńlá

Ẹ má kàn wo orí ìtàn yìí kí ẹ kọjá. Ẹ kà á tán, ẹ̀yin ọlọ́sìn, kí ẹ tó tún bu oúnjẹ fún ẹran yín.

1. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló jọ ni ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ kan. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n kó àwọn tó ti dàgbà fún alápatà ni ẹ̀gbọ́n gbé oògùn lẹ́búlẹ́bú kan dé. Wọ́n ní ó ń sọ ọ̀rá di ẹran. Dókítà ẹran tó tà á kìlọ̀ pé ṣíbí kékeré kan ni kí wọ́n pò mọ́ àpò oúnjẹ kan.

Ẹ̀gbọ́n ní: "Bí ṣíbí bá ń mú wọn lẹ́ran lára, kí ni kọ́ọ̀pù máa ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe bí dókítà ṣe wí o," àbúrò rẹ̀ obìnrin bẹ̀ ẹ́.

"Ṣé dókítà ló bí mi ni?" Ó bu oògùn náà ní kọ́ọ̀pù kan, ó dà á sínú àpò oúnjẹ.

2. Lóòótọ́, ìdí yọ! Ìdí ẹlẹ́dẹ̀ rí bí ìrọ̀rí. Ẹ̀gbọ́n ń pe àwọn èèyàn wá wòran. Ṣùgbọ́n àbúrò tó ń gbá ilé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ láràárọ̀ rí i pé ara wọn ń gbọ̀n, wọn ò lè sùn, wọ́n ń gé ara wọn nírù jẹ. Ó da oúnjẹ olóògùn tó wà ní ilé ẹlẹ́dẹ̀ tó gbẹ̀yìn nínú ọgbà nù, ó fún àwọn tibẹ̀ ní oúnjẹ lásán.

"Ẹ wá wo ẹlẹ́dẹ̀ aláàwẹ̀!" Ẹ̀gbọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi ò bu májèlé fún ohun tí mo sìn."

3. Lọ́jọ́ tí alápatà gbé ọkọ̀ dé, oòrùn mú. Bí wọ́n ṣe ń ti àwọn oníìdí-ńlá gun pákó ọkọ̀, ẹsẹ̀ ò gbé wọn mọ́. Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n ké sí alápatà: "Fi ọ̀bẹ sí wọn lọ́rùn kíá! Ta ló máa mọ̀?"

Àbúrò ti ilẹ̀kùn ọgbà, ó fi ẹ̀yìn tì í. "Èmi á mọ̀. Òkú ẹran kankan ò ní tibí lọ sínú ìkòkò ọlọ́mọ."

"Èmi lẹ̀gbọ́n rẹ!"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni yín. Mi ò sì kúrò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ lù mí."

Alápatà ki ọ̀bẹ rẹ̀ bọ àkọ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Èmi náà ní ọmọ nílé."

Kòtò ni wọ́n gbẹ́ sin gbogbo àwọn tó kú. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ aláàwẹ̀ nìkan ló fi ẹsẹ̀ ara wọn gun ọkọ̀. Títí dòní, bí ẹ̀gbọ́n bá lọ bá àwọn alápatà sọ̀rọ̀ ọjà, ohun tí wọ́n ń bi í ni: "Àbúrò yín dà? Òun la fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Ẹ gbọ́ mi o! Ìwọ̀n ni oògùn inú oúnjẹ ẹran ń gbà. Ohun tí ẹ bá bù fún ẹlẹ́dẹ̀, èèyàn ló máa jẹ ẹ́ kẹ́yìn. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó ń ṣàṣejù, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ìbáà jẹ́ ọkọ, ẹ sọ fún un lójúkojú pé kò ṣeé ṣe. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.